Tíṣà O-Káre

"Padà sẹ́yìn," ni baba arúgbó kan tó ń kọ́ni ní ìṣirò wí lórí fóònù. Ìgbà kẹrin rèé. "Báwo lo ṣe rí mẹ́rin níbẹ̀?"

Ọmọ aránṣọ tún wo ìwé rẹ̀. Òun náà kò mọ bó ṣe rí mẹ́rin. Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí wọ́n ń kọ́ ní ìdá kan nínú mẹ́ta, bí ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀! Ojú tì í. Bẹ́ẹ̀, bí kò bá yege nínú ìṣirò lọ́dún yìí, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó ti gbà á yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Tíṣà méjì ni òun àti ìyá rẹ̀ rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà láti kọ́ ọ dán wò lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n lè mú ẹni tó bá wù wọ́n. Ọmọ náà sọ arúgbó yìí ní Baba Padà-Sẹ́yìn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni èkejì, ẹnu rẹ̀ dùn. Á ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀ wàràwàrà, á ní, "Ṣé ó yé ẹ?"

"Ó yé mi, sà."

"O káre! Ọpọlọ rẹ pé jọjọ!"

Ìyá rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣìn, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Ẹni tó ń yin ọmọ mi yìí ni ká mú. Baba ọjọ́sí yẹn, àbí ṣe ló fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣẹ̀sín?"

Ọmọ mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò yé òun. Ṣùgbọ́n ìyìn dùn létí. "Òun náà ni mo fẹ́, Màámi," ló wí.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń ṣe "Ó yé mi" àti "O káre." Ohun tí tíṣà bá ṣe, ọmọ á dà á kọ, ìwé rẹ̀ á mọ́ tónítóní.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ó ka ìbéèrè àkọ́kọ́, ó tún un kà. Ó mọ bí ìdáhùn irú rẹ̀ ṣe máa ń rí, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Háà, ayé mi! Gègé àwọn ẹlòmíràn ń lọ wìrìwìrì. Òun kọ orúkọ, ó kọ déètì, ó sì ń sunkún.

Ó fìdí rẹmi. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kọ̀wé pé àyè rẹ̀ ti bọ́. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Màámi, irọ́ ni mo ń pa," ló wí. "Kò yé mi rí."

Aṣọ tí ọmọṣẹ́ kan rán wọ́ ni ìyá rẹ̀ ń tú lọ́wọ́. Ó dáwọ́ dúró.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo máa ń ní káwọn ọmọṣẹ́ mi tú aṣọ kan kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n rán? Títú ni baba yẹn ní kó o tú u. Èmi tí mo mọ̀, èmi náà ni mo lé e." Ó bú sẹ́kún.

Ọmọ ṣí ìwé rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ ló tọ̀nà, kò sì sí ọ̀kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ní ó yé òun nígbà tí kò yé e, kì í ṣe tíṣà ló ń tàn jẹ.