Ọ̀bẹ Kò Wo Adìẹ Sàn

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni Leah ti dé ilé adìẹ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé wọn ní Igbodigo. Àwọn adìẹ kan ti kú sílẹ̀. Orí àwọn tó kù wú, ogbe wọn ti dúdú, wọ́n sì ń mí gúlegúle.

Ambrose ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Jẹ́ kí á pe dókítà ẹran ní ìjọba ìbílẹ̀."

"Kí wọ́n wá dáná sun gbogbo rẹ̀? Kérésìmesì ti dé tán! Ṣé ìwọ lo ń gbá ìgbẹ́ wọn láti ìgbà òròmọdìẹ ni?"

"Wọ́n ń kú, Leah."

"Èyí tí a bá tètè fi ọ̀bẹ kàn kò kú. Pípa la pa á."

Ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ nìyẹn, ohun tí gbogbo àdúgbò sì gbà ni: adìẹ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti tú jáde, ẹran ni, kì í ṣe òkú.

Ó ké sí Dora aládùúgbò rẹ̀, obìnrin Ìlàjẹ tó ń yan ẹja tà. Orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pe ara wọn.

"Ìyá Kingsley, gbé ọ̀bẹ bọ̀. Bí a bá yan wọ́n gbẹ lórí ààrò rẹ, a ó pín in dọ́gba."

Dora wo adìẹ kan tó ń lọ́ ọrùn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Goodness, ṣé ògógóró lo fún wọn mu ni?"

"Bí wọ́n bá yó, wọn ò ní bá wa jà."

Leah ń dúńbú wọn. Dora ń tu ìyẹ́, ó ń fa ìfun yọ. Ìyẹ́ ń lẹ̀ mọ́ ọn lójú àti lẹ́nu. Ológbò rẹ̀ jókòó tì í, ó ń jẹ ìfun náà.

Kò pẹ́ tí ológbò yìí bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó sì kú sí ìdí ààrò. Dora ní wọ́n fún un ní májèlé jẹ ni. Nígbà yẹn, òun náà ti ń wúkọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ibà lásán ni, ó ń mu àgbo.

Ambrose pe ìjọba ìbílẹ̀ lórí fóònù kó tó lọ sí oko ọ̀pẹ. Dókítà ẹran, Jùwọ́nlọ́lá, dé pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbomú, ó sì rí ẹ̀jẹ̀ adìẹ nílẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, mà. Ó jọ àrùn adìẹ tí rédíò ń pè ní bọ́ọ̀dù fúlù. Láti ara ẹyẹ, ó lè ran ológbò àti àwọn ẹran mìíràn, ó sì lè ran ènìyàn. Ta ló bá yín pa wọ́n? Ta ló tu ìyẹ́? Ìyà kọ́ ni mo fẹ́ fi jẹ ẹnikẹ́ni. Oògùn wà, àmọ́ a gbọ́dọ̀ tètè lò ó."

Leah ro ti ẹran tó wà lórí ààrò Dora. Bó bá dárúkọ Dora, wọn yóò kó gbogbo rẹ̀ sun. Ó ń gbọ́ ikọ́ Dora lẹ́yìn ògiri.

"Èmi nìkan ni," ló wí.

Wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn ní Okitipupa, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fún un lóògùn. Ó ń gbé oògùn náà mì, ikọ́ sì ń ró lẹ́yìn ògiri.

Nígbà tí Dora kò lè mí dáadáa mọ́ ni Leah tó jẹ́wọ́ fún Ambrose pé òun fi orúkọ Dora pamọ́. Ọkùnrin náà kò bá a jà. Ó kàn gbé Dora sínú ọkọ̀.

Lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, Dora wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ìyá Goodness, nígbà tí wọ́n bi ọ́, kí ló dé tí o kò dárúkọ mi?"

Dora kú kí Leah tó dá a lóhùn. Àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé òkú rẹ̀ padà sí ilé wọn ní etí òkun. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó ẹran orí ààrò, wọ́n sun gbogbo rẹ̀. Leah dúró, ó ń wo èéfín. Kò ku ìyẹ́ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ, ẹ gbọ́. Bí adìẹ bá ń kú lójijì, ẹ má ṣe pa èyí tó ń ṣàìsàn, ẹ má tà á, ẹ má fi tọrẹ. Ẹ má sọ òkú rẹ̀ sódò tàbí sínú igbó, ẹ má sì jẹ́ kí ajá tàbí ológbò dé ibẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn án. Ẹ pe dókítà ẹran kó wá sọ bí ẹ ó ṣe sun ún tàbí sin ín. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kàn án, kó fi ọṣẹ wẹ̀. Bí ibà, ikọ́ tàbí ojú pípọ́n bá dé, kó sáré lọ sí ilé ìwòsàn, kó sọ pé adìẹ tó ń ṣàìsàn ni òun fọwọ́ kàn.

Bí wọ́n bá sì bi yín pé ta ló wà níbẹ̀, ẹ dárúkọ gbogbo wọn. Adìẹ mìíràn ṣì lè wọ ilé yín. Leah kò rí Dora mìíràn.