Ohùn Tí Wọ́n Yọ Kúrò

Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó lọ jẹun yó kó tó wá, nítorí bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ ọ́. Mi ò fi ata sí i, mi ò fi iyọ̀ sí i. Ojúmọmọ ni, aago mẹ́wàá àárọ̀, oòrùn ti là dáadáa.

Obìnrin kan tó ń wọn ariwo tọ́báìnì ẹ̀ńjìnnì bàálù ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Elétí Ehoro ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Bí abẹ kan ṣoṣo nínú ọgọ́ta tó ń yí nínú tọ́báìnì bá tẹ̀ díẹ̀, etí rẹ̀ á ti gbọ́ kí kọ̀ǹpútà tó sọ. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í fi pamọ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ń to àwọn abẹ náà sínú tọ́báìnì. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ tún yá ju ọwọ́ lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí màmá wọn kò ríran mọ́, ohùn ọmọkùnrin yìí ló sì ń dá a nínú dùn. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń ké nírọ̀lẹ́: "Màmá, ọmọ yín tó rẹwà ti dé o." Màmá á ní, "Ta ló tàn ọ́ jẹ?" Àwọn méjèèjì á bú sẹ́rìn-ín.

Ìlànà kan wà níbi iṣẹ́ wọn. Kí wọ́n tó tan ẹ̀ńjìnnì, wọ́n á ti ilẹ̀kùn yàrá ìdánwò pa, wọ́n á sì fi máìkì gba ìdákẹ́jẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Bí ẹni ń wọn abọ́ lófìfo kó tó da ìyẹ̀fun sí i ni. Tí ẹ̀ńjìnnì bá ké tán, kọ̀ǹpútà á yọ ìdákẹ́jẹ́ náà kúrò nínú ariwo. Ohun tó bá kù, ti tọ́báìnì nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, tẹ̀gbọ́n tàbúrò jókòó síwájú gíláàsì tí wọ́n fi ń wo inú yàrá náà. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Elétí Ehoro gba ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ kó lè gbọ́ ọ lórí sípíkà.

Ìṣẹ́jú kan kọjá. Kò sí nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà, ẹnìkan sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Ohùn àbúrò rẹ̀ ni. Àbúrò rẹ̀ sì nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi kọ́ o," ó ní.

"Mo mọ̀. Mo ṣáà ń wò ọ́."

Wọ́n wọ yàrá náà. Fóòmù ni wọ́n fi bo ògiri rẹ̀ látòkè délẹ̀, ọ̀rọ̀ èèyàn kì í padà síni létí níbẹ̀. Wọ́n wo abẹ́ irin tó gbé ẹ̀ńjìnnì dúró, wọ́n wo ẹ̀yìn máìkì kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́nì kankan. Wọ́n jáde, wọ́n tì í, wọ́n gba ìdákẹ́jẹ́ mìíràn. Ohùn náà tún sọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, máìkì tó sún mọ́ ilẹ̀kùn jù lọ ló gbé e.

Àbúrò rẹ̀ sún sẹ́yìn kúrò níwájú gíláàsì. "Ẹ jẹ́ ká fi ti òní sílẹ̀."

Ọ̀gá wọn ti pè lẹ́ẹ̀mejì pé àwọn àlejò tó fẹ́ wo abẹ tuntun tí wọ́n ń dán wò ti wà lọ́nà. Ẹ̀rù ba Elétí Ehoro, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù ń kọ́ níṣẹ́.

"Ohunkóhun tó bá wà nínú yàrá òfìfo, yíyọ là ń yọ ọ́," ó ní. "A máa yọ èyí náà."

Ó tan ẹ̀ńjìnnì. Tábìlì ń gbọ̀n, gíláàsì ń gbọ̀n. Nígbà tó pa á, ó tẹ bọ́tìnnì, kọ̀ǹpútà sì yọ ìdákẹ́jẹ́ kúrò. Ariwo abẹ tuntun náà lọ sílẹ̀ ju bí wọ́n ṣe gbàdúrà fún lọ.

"Ṣé o rí i?" Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀.

Ẹnu àbúrò rẹ̀ ń lọ. Ó jọ pé ó ń ṣàwàdà, èjìká rẹ̀ ń mì. Kò sí ohùn. Elétí Ehoro rò pé etí òun ló di. Ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ fáànù. Ó ń gbọ́ aago ara ògiri. Ó gbọ́ bí ife ṣe kan tábìlì nígbà tí ọmọkùnrin náà gbé e kalẹ̀, tó di ọ̀fun ara rẹ̀ mú.

Dókítà yẹ ọ̀fun àbúrò rẹ̀ wò, kò rí nǹkan kan. Elétí Ehoro sáré padà síbi iṣẹ́. Ó dá ìdákẹ́jẹ́ tí wọ́n yọ padà sáyè rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó ṣílẹ̀kùn yàrá náà gbayawu, ó dúró láàárín fóòmù, ó ní, "Ó yá, jáde." Kò sóhun tó yí padà.

Nírọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì wọlé. Màmá gbórí sókè.

"Ta ló wọlé tí kò kí mi yẹn?"

"Àbúrò mi ni, Màmá. Ohùn rẹ̀ ló há."

Ọmọkùnrin náà jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Màmá fọwọ́ pa á níwájú orí, ó pa á nímú, ó dé àpá kékeré tó wà ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Ó jọ ọmọ mi," ó ní. "Ó jọ ọ́ gan-an."

Ọ̀rọ̀ náà dun Elétí Ehoro wọ eegun. Ó ti da ìdákẹ́jẹ́ àárọ̀ yẹn sórí fóònù rẹ̀, ó sì dá a lójú pé tí Màmá bá gbọ́ ohùn tó mọ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣílẹ̀kùn."

Inú Màmá dùn, ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi nìyẹn. Kí ló dé tí ẹ ò ṣílẹ̀kùn fún un?"

Ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì í, ó sì na ẹsẹ̀ kiri ilẹ̀, ó ń wá bàtà kó lè lọ ṣí i fúnra rẹ̀. Ọmọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó bá a mú bàtà náà, ó wọ̀ ọ́ sí i lẹ́sẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

"Ẹ ṣé, àlejò," ni Màmá wí.