Àpótí Tó Gba Àyè Aṣọ

"Ta ló gbé aṣọ ọmọ mi síta fún ewúrẹ́?"

Phebe ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Láti abúlé kan lẹ́bàá Iléṣà ló ti gbé aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ wá sí Òṣogbo, kí Àgbékẹ́ aláró bá òun pa á láró. Aró ti mú dáadáa, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ ti jẹ etí aṣọ náà ráúráú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Àgbékẹ́ wolẹ̀. "Ẹ má bínú. Bóyá èmi ni mo gbàgbé rẹ̀ síta."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Àpìkẹ́, ọmọ rẹ̀, wọra. Láti ìgbà tí Àgbékẹ́ ti ṣàìsàn lọ́dún 1975 ló ti ń gbàgbé ibi tó kó aṣọ oníbàárà sí. Àánú ìyá ṣe Àpìkẹ́, ló bá ní kí káfíńtà kan àpótí ńlá olójú wẹ́wẹ́. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀, títí kan àwọn tí kò tíì kó aṣọ wá. Inú rẹ̀ ni wọn yóò sàmì igun yàrá tí aṣọ wà sí. Ìyá rẹ̀ ní ó tóbi jù, àmọ́ Àpìkẹ́, ọmọwé wa, kò gbọ́. Àpótí gba ìdajì yàrá, aṣọ Phebe kò ráyè, Àpìkẹ́ sì gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bó bá dákẹ́, ìyá rẹ̀ ni ẹ̀bi náà yóò já lé.

"Ẹ má bá Ìyá mi wí, mà," ó ń sunkún. "Wọn ò gbàgbé nǹkan kan. Èmi ni."

Ó gbé aṣọ Iléyá tirẹ̀ tí kò tíì wọ̀ fún Phebe. Ìbínú Phebe sì rọ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Àpìkẹ́, Bùrọ̀dá Mùyídéènì, tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà n'Íbàdàn, wálé Iléyá, ó bá àbúrò rẹ̀ nínú aṣọ àtijọ́. Ó wo àpótí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyọnu tiwa náà nìyí! Ìrántí ẹ̀rọ wa ní àtẹ tó ń sọ ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan wà, inú ìrántí kan náà sì ni àtẹ ọ̀hún ń gbé. Bí a bá ń fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ohun tí kò tíì sí, àtẹ nìkan á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ibẹ̀."

"Kí lẹ wá ń ṣe sí i?"

"Àtẹ kékeré kan la máa ń ṣe, tó ń tọ́ka sí àwọn àtẹ mìíràn. Èyí tí nǹkan wà nínú rẹ̀ nìkan là ń ṣí."

Wọ́n tú àpótí ká. Àpìkẹ́ wá ń fi àpò kékeré kọ́ ògiri fún ìlú tí aṣọ bá ti wá nìkan. Inú àpò ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kó àmì igun tí aṣọ oníbàárà ibẹ̀ wà sí. Àyè ṣí sílẹ̀, gbogbo aṣọ padà sínú yàrá.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan dé láti Ìdó-Ọ̀ṣun. Àgbékẹ́ fọwọ́ kan àpò Ìdó-Ọ̀ṣun, ó yẹ inú rẹ̀ wò, ó wọ yàrá lọ.

"Àpìkẹ́! Mo rí i! Kò sẹ́ni tó bá mi wá a o!"

Àpìkẹ́ sáré dì mọ́ ọn. Ó ti wá yé e pé ohun tí a fi ń tọ́jú ẹrù kò gbọdọ̀ gba àyè ẹrù, àti pé ẹni tó bá fẹ́ ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ìyá ń sọ.