Aṣọ Ìsìnkú Petironela

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Karùn-ún, ọdún 1847, ojú ọ̀run mọ́ kedere lórí abúlé Jasienka, afẹ́fẹ́ sì dúró jẹ́ẹ́. Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé ìrì yóò dì, yóò sì pa irúgbìn kí ilẹ̀ tó mọ́.

Opó ni Petironela. Òun ni ìyá ọkọ Tekla, Tekla yìí ló sì bí ìyá ìyá mi. Pòtétò ti jẹrà sínú ilẹ̀ lọ́dún méjì léra wọn. Ọkọ Tekla ti kú, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Ohun tó kù wọ́n kù ni igba ọmọ kábéèjì tí Petironela mú hù nínú àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

Ní ilẹ̀ wa, a kì í gbé irúgbìn síta kí ọjọ́ àwọn ẹni mímọ́ olótùútù, tí òtútù ìkẹyìn máa ń bá dé, tó kọjá: Pankirasi, Serifasi, Bonifasi, kí Sofia sì kádìí wọn ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Karùn-ún. Petironela mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ebi ń pa àwọn ọmọ, oòrùn sì ti mú fún ọ̀sẹ̀ kan. Òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ọjọ́ Bonifasi, ló gbìn ín. Ó ní Sofia, obìnrin bíi tòun, kò ní bínú.

Lọ́sàn-án, Saremba, alábòójútó oko onílẹ̀, gun ẹṣin wọ abúlé. Ó pàṣẹ pé kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan wá sun koríko tútù nínú ọgbà ápù onílẹ̀, kí èéfín bo òdòdó igi títí oòrùn yóò fi yọ, kí ìrì dídì má bàa pa á.

“Ẹ kú ìrìn, ọ̀gá,” ni Petironela wí. “Ìdì koríko mẹ́ta péré ni mo ń tọrọ, kí n fi rú èéfín sí kábéèjì mi.” Koríko tiwọn ti tán, màlúù ti jẹ ẹ́ títí dé èyí tó bo òrùlé.

Saremba rẹ́rìn-ín. “Ta ló ní kí o gbìn ín lónìí, ìyá arúgbó? Lọ bẹ Sofia.”

Petironela wọlé, ó ṣí àpótí aṣọ rẹ̀. Ó fa aṣọ ọ̀gbọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun nígbà ọmọge yọ, èyí tí wọn yóò fi sin ín, kó lè fi bo kábéèjì.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́,” ni Tekla wí, “aṣọ yín kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ ṣáájú yín. Yóò wá pè yín ni.”

“Ta ni kó kọ́kọ́ pè, èmi tàbí àwọn ọmọ yìí? Máa lọ síbi èéfín. Bí o bá pẹ́, wọ́n á nà ọ́.”

Nígbà tí Tekla padà ní òwúrọ̀, èéfín ti mú ẹyinjú rẹ̀ pọ́n. Kò sí òdòdó ápù onílẹ̀ kan tó kú. Nínú ọgbà tiwọn, gbogbo ewé tí aṣọ kò bò ti dúdú bí ewé tí a bọ̀. Aṣọ náà le bíi pákó, Petironela sì kúnlẹ̀ tì í, ó di etí aṣọ mú. Kábéèjì mọ́kànlélọ́gọ́ta ló yè lábẹ́ rẹ̀.

Òtútù ti wọ àyà Petironela. Ọjọ́ kọkànlá ló kú. Tekla fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, àbàwọ́n ilẹ̀ kò kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi sin ín. Àwọn ará abúlé ní aṣọ ló pè é. Méjì nínú àwọn ọmọ náà la ìgbà òtútù já, ìyá ìyá mi sì jẹ́ ọ̀kan.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ Sofia gan-an, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fipá mú abúlé ṣe lóko onílẹ̀ dópin. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún, gbogbo abúlé sì tú jáde. Tekla kò jáde. Ó jókòó ti àpótí irúgbìn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń dúró kí ọjọ́ náà kọjá kó tó gbé e síta.