Ìjàpá Ọmọ́tọ́lá Kò Gbọdọ̀ Tutù

Ìjà ni Bámiṣayé ń retí láti ẹnu ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ti múra sílẹ̀ fún un. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ọmọ wọn dúró sí ọsibítù, kò tíì sun ibẹ̀ rí. Lọ́sàn-án pàápàá, yóò kàn yọjú ni, yóò sì tún sáré padà sílé bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sórí iná. Àmọ́ nígbà tí Eunice wọlé, tó sọ àpò aṣọ ìdọ̀tí kalẹ̀, ńṣe ló kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ọ̀kún o, Bàbá Tọ́lá," ó kí i ní èdè ìlú rẹ̀. "Mo mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ò fi èmi nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ."

Bámiṣayé wo ojú rẹ̀ bóyá ẹ̀gàn ni. Kì í ṣe ẹ̀gàn. Eunice dìde, ó gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára ìró rẹ̀, ó sì wọ ilé ìdáná lọ. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìsìn jẹ́jẹ́. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tó ti kọrin kẹ́yìn nínú ilé náà. Ó yẹ kí inú ọkọ rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló bà á.

Akọ̀wé ìjọba ni Bámiṣayé. Ìyàmoyè ni wọ́n ti bí i, Eunice sì jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbẹ̀. Yàrá méjì tó ní ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbé ní Natako, ní Lọ́kọ́ja. Wọ́n wá ọmọ títí kí wọ́n tó rí Ọmọ́tọ́lá, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà ti ń lọ sí iléèwé, ìrìn àjò iṣẹ́ gbé baba rẹ̀ lọ sí Agbaja pẹ̀lú àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Níbẹ̀ ni àgbẹ̀ kan ti gbé ìjàpá kan fún un nínú àpò ìrẹsì. Àgbẹ̀ náà kò gba kọ́bọ̀. Ó jọ pé ara rẹ̀ yá gágá láti yọ ọwọ́ kúrò nínú rẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kó tutù lálẹ́ o," ó ní. "Nítorí ọmọ yín ni mo ṣe ń sọ ọ́."

Bámiṣayé dúpẹ́. Ìgbà tí ọkọ̀ wọn ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ló tó rántí pé òun kò sọ fún ọkùnrin náà pé òun bímọ.

Ọmọ́tọ́lá fẹ́ràn ìjàpá náà ju oúnjẹ lọ. Ó ń fún un ní ìbẹ́pẹ àti ewé ẹ̀fọ́, ó sì ń gbé e mọ́ àyà bí ìyá tó gbé ọmọ ọwọ́. Baba rẹ̀ fi bulọ́ọ̀kù mọ ilé kékeré fún un lẹ́yìnkùlé, ó kó koríko gbígbẹ sínú rẹ̀, ó sì fi páànù bò ó. Ó fi ìṣó lu ihò sára páànù náà kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Ní gbogbo ìgbà òjò, kò sí wàhálà.

Ìgbà tí ọyẹ́ ọdún 1985 wọlé ni nǹkan yí padà. Ọyẹ́ náà le. Eruku bo Òkè Pàtí mọ́lẹ̀ tí a kò rí i mọ́, ẹni tó bá sì dúró létí odò kò lè rí òdìkejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pe Ọmọ́tọ́lá títí, kò jí. Ó ń mí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ tutù bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú omi. Wọ́n gbé e dé ọsibítù. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó yẹ àyà rẹ̀ wò, kò rí àìsàn kan. Ó kàn ń tutù ni.

Bámiṣayé sáré wálé láti mú aṣọ ìbora. Bó ṣe gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, ó rí i pé afẹ́fẹ́ ti ṣí páànù dànù lóru. Ìjàpá náà ti fa orí àti ẹsẹ̀ wọlé pátápátá. Nígbà tó fọwọ́ kàn án, òtútù rẹ̀ mú un dé eegun. Kò lè sọ ohun tó mú kó gbé e lọ sídìí ààrò, àmọ́ ó gbé e. Ó jókòó tì í títí ó fi yọ ọrùn jáde díẹ̀díẹ̀. Àkókò náà gan-an ni aago ṣọ́ọ̀ṣì ń lù. Nígbà tó padà dé ọsibítù, Eunice ní, "Bí aago ṣe ń lù ni Tọ́lá la ojú."

Ó gbìyànjú láti má ka á sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní òru tó tẹ̀ lé e, oorun gbé e lọ, àtùpà tó gbé ti ìjàpá náà sì kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún bá ọmọ náà ní gbígan lórí ibùsùn. Láti ọjọ́ yẹn ni Bámiṣayé kò ti bá ara rẹ̀ jiyàn mọ́.

Ó di ẹrú iná. Ó ń yan òkúta sínú ààrò, ó ń fi àpò wé e, ó sì ń tò ó yí koríko ìjàpá náà ká. Ó ń gbé àtùpà sí ibi tí èéfín rẹ̀ kò ti ní í wọlé. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ wo ooru ibẹ̀ bí ìyá ṣe ń wo omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun, nítorí ó ti sún òkúta mọ́ ìjàpá náà jù lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ yẹn ọmọ náà ké lórí ibùsùn ọsibítù pé ẹ̀yìn òun ń jó òun. Kẹrosíìnì wọ́n bí ojú. Yóò tò ní ọjà Kpata láti òwúrọ̀, wọn yóò sì sọ pé ó ti tán kó tó kàn án. Ó gé igi gúáfà tó wà lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí ìyẹn tán, ó fọ́ àga, ó fọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì wá fọ́ ibùsùn tí òun àti Eunice ń sùn sí. Eunice rò pé ó tà wọ́n san owó ọsibítù ni, Bámiṣayé kò sì sọ òótọ́ fún un. Báwo ni ènìyàn ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ?

Ìdí nìyẹn tí ìkúnlẹ̀ Eunice fi ń dẹ́rù bà á. Ó tẹ̀ lé e wọ ilé ìdáná.

"Ìyá Tọ́lá, ìgbà wo lo rí mi kẹ́yìn ní ọsibítù?"

Eunice rẹ́rìn-ín. "Ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣebí ìdájí yìí náà lẹ dìde níbẹ̀, kí n tó jí dáadáa."

"Kí ni mo sọ?"

"Ẹ kì í sọ nǹkan kan. Ẹ kàn máa ń di ọwọ́ ọmọ mú títí ilẹ̀ á fi mọ́ ni. Nọ́ọ̀sì pàápàá ní òun ò rí irú baba bẹ́ẹ̀ rí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tọ́lá ní ọwọ́ yín ń rùn kẹrosíìnì, àmọ́ ó gbóná, ó sì ń dùn mọ́ òun."

Bámiṣayé wo ọwọ́ ara rẹ̀ tí kẹrosíìnì ti wọ̀ lára. Ó kó o pa mọ́ sẹ́yìn.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó lọ kan ilẹ̀kùn Sàláhúdéènì, aládùúgbò rẹ̀, ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ tó ń ta igi ìdáná, tó sì ti ń bu igi díẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìgbà tí nǹkan ilé rẹ̀ ti tán. Ó mú un wá sídìí iná ìjàpá.

"Ẹ bá mi jókòó ti iná yìí," ó ní. "Ẹ má jẹ́ kó kú. Bó bá kú, ọmọ mi kú."

Sàláhúdéènì kò rẹ́rìn-ín. "Níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ wo ẹni tó ń jókòó ti ọmọ mi."

"Bí kò bá ti ṣe ọmọ ní ibi, ẹ ò ṣe fi í sílẹ̀?"

"Bó bá wá mú un lọ ńkọ́?"

Sàláhúdéènì fi igi kan kún iná. "Ẹ máa lọ," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹ tètè dé."

Bámiṣayé kò gba ẹnu ọ̀nà wọ ọsibítù. Ó gba ẹ̀yìn, ó sì dúró ní ojú fèrèsé yàrá àwọn ọmọdé. Eunice sùn lórí ẹní. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ọkùnrin kan jókòó, ó kẹ́yìn sí fèrèsé. Ṣẹ́ẹ̀tì kakí ló wọ̀, ó ti já lójú rírán ní èjìká. Bámiṣayé fọwọ́ kan èjìká ara rẹ̀, ó sì bá ibi tó ti já.

Ọmọ́tọ́lá ń sọ̀rọ̀ fún ọkùnrin náà, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí baba rẹ̀ kò gbọ́ mọ́ láti ìgbà òjò. Bámiṣayé gbé ọwọ́ lé gíláàsì fèrèsé. Ó gbóná bí ara ìkòkò.

Ọkùnrin náà gbé orí sókè díẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Kò yíjú padà. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Bàbá, ṣé òtútù ń mú yín ni?" Ọmọ́tọ́lá béèrè. Kò tíì sọ ọ́ tán tí eyín tirẹ̀ náà fi ń lu ara wọn.

Bámiṣayé sáré. Ó sáré gba inú eruku, bàtà rẹ̀ kan bọ́ sọ́nà, kò wẹ̀yìn. Nígbà tó dé ilé, ó bá Sàláhúdéènì lórí ìkúnlẹ̀ nínú òkùnkùn, ó ń fẹ́ eérú pẹ̀lú ẹnu, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"N kò sùn," ó ní. "Mo fi Ọlọ́run búra, n kò sùn. Afẹ́fẹ́ kan ló dé, ó pa àtùpà, ó pa èédú. Ìṣáná ò sì ràn."

Ìjàpá náà ti di òkúta. Bámiṣayé fa ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya, ó gbé e lé ìhòòhò ikùn rẹ̀, ó ká ara mọ́ ọn lórí ilẹ̀, ó sì ní kí Sàláhúdéènì kó gbogbo àpò tó bá rí bo òun. Òtútù náà wọ ìdodo rẹ̀, ó gun àyà rẹ̀, ó ya sí apá méjèèjì dé orí èékánná. Ó ń mọ̀ ọ́n lára bí ooru ṣe ń fi òun sílẹ̀, bí ìgbà tí omi ń jò lára ìṣà. Kò di í mú. "Gba tèmi," ó ń sọ léraléra. "Gba gbogbo rẹ̀. Fi ọmọ sílẹ̀." Sàláhúdéènì gbọ́ ọ títí ohùn rẹ̀ fi lọ.

Nígbà tí àkùkọ kọ, nǹkan kan ha á ní ikùn. Èékánná ìjàpá ni.

Láti ọjọ́ yẹn, Ọmọ́tọ́lá kò tutù mọ́. Ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, oòrùn Lọ́kọ́ja padà sí bó ṣe ń jó ènìyàn tẹ́lẹ̀, ìjàpá sì ń rìn kiri ẹ̀yìnkùlé láìsí iná. Bámiṣayé nìkan ló ń wọ súwẹ́tà lọ́sàn-án gangan. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbóná mọ́, bó ti wù kó yáná tó. Kò sì fẹsẹ̀ kan ọsibítù mọ́, nítorí ẹ̀rù ẹni tó rí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá ọmọ sílẹ̀, Eunice fi takisí gbé e wálé. Baba rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na apá. Ọmọ́tọ́lá kúnlẹ̀ dáadáa.

"Ẹ káàsán sà," ó ní. Ó wá yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Bàbá mi dà?"

Eunice bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. "Tọ́lá, ta lo pe ẹni tó dúró yìí?"

Ọmọ náà fọwọ́ kan ọwọ́ Bámiṣayé, ó sì tètè fà á sẹ́yìn. "Ọwọ́ Bàbá mi gbóná."

Bámiṣayé jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó sọ orúkọ tí ó máa ń fi pè é nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ó sọ bí ọmọ náà ṣe ṣubú lórí àkàbà tó fi ní àpá lágbọ̀n. Ó kọ orin tó fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ohùn rẹ̀ ń já. Ọmọ́tọ́lá tẹ́tí sí i pẹ̀lú sùúrù ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa.

"Ẹ ṣé sà," ó ní. "Bàbá mi ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi."

Eunice gbé àpò ọmọ kalẹ̀. Ó ń wo ọkọ rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń wo àlejò tí kò mọ ibi tó ti wá. Nígbà tó ṣe, ó sọ ọ́ lóhùn kékeré: "Lóru ọjọ́ tẹ́ ẹ dìde tẹ́ ẹ ń gbọ̀n níbẹ̀, ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ ní, 'Ẹ jẹ́ kí n lọ yáná. Mo máa bá yín nílé.'" Bámiṣayé kó ọwọ́ sínú súwẹ́tà rẹ̀. Eunice wọ ilé ìdáná lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, bó ṣe ń ro ọkà lọ́wọ́, ẹnu géètì dún. Ẹsẹ̀ ń bọ̀ nínú àgbàlá, ẹsẹ̀ ẹni tó ti re ibi iṣẹ́ dé. Eunice mọ ìrìn náà, kò sì yíjú.

"Bàbá Tọ́lá, ẹ káàbọ̀ o," ó ké láti ilé ìdáná.

Lẹ́yìn náà ló jáde sí pálọ̀ pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́, ó sì rí Bámiṣayé nínú súwẹ́tà rẹ̀ lórí ẹní, níbi tó ti jókòó láti ọ̀sán.

Ẹsẹ̀ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ooru kan rọra gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Bámiṣayé àti Eunice ń wo ara wọn, kò sí ẹni tó lè gbé ẹsẹ̀. Ọmọ́tọ́lá ti dìde, inú rẹ̀ ń dùn, ó sì lọ ṣílẹ̀kùn.