Àmì Ara Àjẹ̀ Súbérù

"Munirah, mo tún un sọ o! Má ṣe fi fáníìṣì kan igi yẹn kí a tó kọ nǹkan sí i. Tí iná léésà tí ẹ̀rọ fi ń kọ̀wé bá kan fáníìṣì, ṣe ló máa hó, gbogbo lẹ́tà á sì dàrú. Igi tí ara rẹ̀ mọ́, tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀, ló ń gba orúkọ."

"Mo ti gbọ́, Àǹtí."

Kò gbọ́ rárá o! Bí Àǹtí Fọláwùmí, ọ̀gá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ kọ nǹkan sára igi n'Íkòròdú, ṣe ń jáde lọ sí Èbúté, Rodiat, ọ̀rẹ́ Munirah, ti yọ fóònù síta láti ya fídíò.

"Ṣé èyí tó rí játijàti yìí la fẹ́ ṣe fídíò rẹ̀? Jẹ́ kó dán jàre!"

Àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ojú omi ni igi ọ̀hún, àjẹ̀ Súbérù, bàbá Munirah, tó bómi lọ lórí ọ̀sà. Àjẹ̀ yìí nìkan ni wọ́n rí gbé wálé. Ìyá Súbérù ló fi rán Munirah láti Ẹ̀pẹ́ pé kó bá òun kọ orúkọ ọmọ òun sí i. Ojú ìyá náà ti fọ́. Láràárọ̀ ló máa ń fi ìka wá àmì kékeré tí Súbérù fúnra rẹ̀ fi ọ̀bẹ gé sétí àjẹ̀ náà, kí apẹja mìíràn má baà ṣèèṣì gbé e létí omi.

Munirah kun fáníìṣì títí igi fi ń dán bíi dígí. Háà, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́! Fáníìṣì hó, èéfín bo gbogbo ṣọ́ọ̀bù, orúkọ bàbá rẹ̀ sì di dúdú játijàti. Rodiat bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Jìnnìjìnnì bo Munirah. Ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá ara igi, ó fá a, ó tún fá a, kí Àǹtí má baà mọ̀. Nígbà tí ara igi mọ́, ó tún orúkọ náà kọ. Ó hàn kedere, ó sì rẹwà. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Nígbà tí Munirah gbé e dé Ẹ̀pẹ́, Ìyá àgbà, ìyá Súbérù, gbé àjẹ̀ lé itan. Ìka rẹ̀ kọjá lórí orúkọ, ó lọ sí etí igi, ó padà, ó tún lọ.

"Munirah, àmì bàbá ẹ dà?"

Ìgbà yẹn ni Munirah tó rántí àmì náà. "Màmá, ẹ dákun. Mo ti fá a dànù. Ṣùgbọ́n orúkọ wọn wà níbẹ̀."

"Èmi ò kàwé, ọmọ mi. Ọwọ́ Súbérù ni mò ń wá."

Kò pariwo, kò bú u. Omi ṣáà ń dà lójú tí kò ríran. Munirah dorí kodò, ó sunkún kíkorò. Ì bá sàn fún un ká ní ìyá náà lù ú.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ máa gba ìkìlọ̀ ẹni tó mọṣẹ́. Bí ẹ bá sì ṣàṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́. Ká ní Munirah dúró de ọ̀gá rẹ̀, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fá igi láìkan àmì ara rẹ̀, àmì yẹn ì bá ṣì wà, ìbòmọ́lẹ̀ ló pa á rẹ́. Títí dòní, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, Ìyá àgbà ṣì ń fi ìka wá a.