Aràn Méjì, Ilà Kan

Nígbà tí Atúẹ̀jẹ̀wò pariwo, Ìbídàpọ̀ rò pé òun ti ṣi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn mú ni. Ó tún ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ dà sí i lẹ́nu. Ẹ̀rọ náà tún pariwo: aràn ẹ̀dọ̀!

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ẹ̀rọ yìí o, gbogbo Ìlú Àgbékọ́ ló sì ń fi í yangàn. Òfuurufú ni wọ́n gbé ìlú náà kọ́ sí nígbà tí ooru lé ènìyàn kúrò nílẹ̀ ayé. Omi kan ṣoṣo ni wọ́n ń mu níbẹ̀. Èyí tí wọ́n bá tọ̀ lónìí ni wọn yóò mu lọ́la, ìṣáwùrú inú agbada ńlá ló sì ń fọ̀ ọ́ mọ́. Ara ìṣáwùrú gan-an sì ni aràn ẹ̀dọ̀ ti ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oògùn tó ràn án mọ́. Nítorí náà, kí gbogbo ìlú má baà kó o, ẹni tí ẹ̀rọ bá mú, ọkọ̀ ni wọn yóò fi gbé e padà sílẹ̀ ayé, ooru yóò sì pa á. Àyọ̀ká, ọmọ Baálẹ̀ Ṣówándé, lọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Baba rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà.

"Kí ló sọ?" Akínṣọlá, ọkọ rẹ̀, bi í.

"Ó ní aràn ẹ̀dọ̀ wà lára yín."

"Èmi kẹ̀? Aràn àtọ̀sí ajá nìkan ló ṣe mí rí, nígbà tí à ń lúwẹ̀ẹ́ lódò Ọ̀yán nílẹ̀ ayé. Mo tọ ẹ̀jẹ̀ títí, wọ́n fún mi lóògùn, ó sì lọ."

Ìbídàpọ̀ rò ó wò. Bí aràn bá wọ ara, ẹ̀jẹ̀ a máa bí ẹ̀ṣọ́ tó mọ ilà ojú rẹ̀. Aràn lè kú, ẹ̀ṣọ́ kì í tètè gbàgbé. Ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí ni Atúẹ̀jẹ̀wò ń wá, kì í ṣe aràn fúnra rẹ̀. Bí aràn méjì bá wá kọ ilà kan náà ńkọ́?

Baálẹ̀ ti gbọ́ ariwo ẹ̀rọ, ó ti dé pẹ̀lú àwọn olùṣọ́ ọkọ̀.

"Ẹ̀rọ kì í purọ́. Ìwọ lo kọ́ wa bẹ́ẹ̀."

"Kò purọ́, baba. Ojú ló jọ ojú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀."

Ìbídàpọ̀ mú òkú aràn àtọ̀sí ajá gbígbẹ nínú àpótí ìwádìí rẹ̀, ó lọ̀ ọ́, ó pò ó mọ́ ẹ̀jẹ̀ Akínṣọlá. Ẹ̀ṣọ́ àtọ̀sí ajá yóò rọ̀ mọ́ òkú ọ̀tá wọn, bí ó bá sì sẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà, wọn yóò bá a kúrò. Bí aràn ẹ̀dọ̀ bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ yóò ṣẹ́ kù, ẹ̀rọ yóò sì pariwo. Ó sẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà, ó sì dà á sẹ́nu ẹ̀rọ.

Atúẹ̀jẹ̀wò dákẹ́ lọ gbári.

"Ẹ fi ọkùnrin náà sílẹ̀," ni Baálẹ̀ wí. Akínṣọlá dì mọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ń sunkún. Ṣùgbọ́n Baálẹ̀ kò lọ.

"Ìbídàpọ̀."

"Baba."

"Odò Ọ̀yán yẹn, ibẹ̀ ni Àyọ̀ká náà ti kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nípamọ́?"

"Ó wà, baba."

"Gbé e wá."

Ìbídàpọ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Baálẹ̀ kọ̀. Ìbídàpọ̀ gbé e wá, ó po òkú aràn mọ́ ọn, ó sẹ́ ẹ, ó dà á sẹ́nu ẹ̀rọ. Ní tòótọ́, ó ń gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ẹ̀rọ náà pariwo.

Kò pariwo.

Baálẹ̀ wo ọwọ́ tó fi ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà.

"Àyọ̀ká ní, 'Baba, kò sí nǹkan tó ń ṣe mí,'" ni ó wí. "Mo ní kó dákẹ́."